Ìdọ̀bálẹ̀ Kì Í Ṣe Ìwà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrẹ̀lẹ̀ Nínú Ilé Onígbàgbọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ọmọ tó mọ A, B, D ni ó ti mọ bí a ti ń kí àgbà. Ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ọmọbìnrin a sì kúnlẹ̀. Bí ọmọ bá gbàgbé, ìyá rẹ̀ a fi ojú bá a wí, òun náà a sì tètè wólẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun nínú ilé wa. Bí ó bá ṣe pé ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni ìrẹ̀lẹ̀, à bá lè wí pé kò sí ènìyàn kan lábẹ́ ọ̀run tí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó wa. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n fi àṣà yìí lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí kí wọn tó wí pé, “Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.” Wọ́n ti rí ẹni tí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ dúró gangan.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ta ni a máa ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ẹni tí ó jù wá lọ ni: ọba, ìjòyè, àlùfáà, àna, ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹni tí a ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀ ń lọ sí òkè, èrè sì wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é, a ó yìn ín. Ẹni tí ó bá kọ̀, a ó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà kò ṣòro láti ṣe. Ibi tí ìṣòro wà ni ìsàlẹ̀. Báwo ni a ti ń ṣe sí ẹni tí kò lè ṣe wá ní oore, tí kò sì lè ṣe wá ní ibi? Báwo ni ọkọ ti ń ṣe sí aya, ìyá sí ọmọ ọ̀dọ̀, ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́, àgbà ìjọ sí ẹni tí ń gbá ilé Ọlọ́run? Bí ọ̀kan nínú wọn bá tọ́ wa sọ́nà, ǹjẹ́ a lè gbọ́? Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́, ǹjẹ́ ẹnu wa lè wí pé, “Jọ̀wọ́, dárí jì mí”? Níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ onírẹ̀lẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ nìyí.

ÀPẸẸRẸ OLÚWA WA

Nínú orí kẹtàlá Ìhìn Rere Jòhánù ni a ti kà nípa alẹ́ ọjọ́ tí a fi Olúwa wa hàn. Ní ilẹ̀ àwọn Júù nígbà náà, bàtà tí kò bo ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ rìn lójú ọ̀nà eléruku, iṣẹ́ ìránṣẹ́ sì ni láti wẹ ẹsẹ̀ àlejò bí ó bá wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò sí ìránṣẹ́ nínú yàrá, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí ó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn ìyókù. Olúkọ́ wọn ni ó dìde nídìí oúnjẹ, tí ó wá omi, tí ó sì tẹ̀ ba lórí ẹsẹ̀ wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní, Olúwa mọ ẹni tí òun í ṣe. Jòhánù sọ ọ́ gbangba pé ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ń lọ. Nítorí náà ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kí ènìyàn máa pe ara rẹ̀ ní aláìníláárí. Èkejì, gbogbo àwọn tí ó wẹ ẹsẹ̀ wọn ni ó jù lọ. Ìrẹ̀lẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ ni, kò gòkè. Ẹ̀kẹta, Júdásì ṣì wà nínú yàrá náà. Ẹsẹ̀ ẹni tí yóò jáde lọ tà á wà nínú àwọn ẹsẹ̀ tí ó wẹ̀.

A ti gbọ́ ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ti ṣe Àmín sí i. Èmi pàápàá ti wàásù lórí rẹ̀ rí ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí n kò ti ní ẹ̀kọ́ náà tó, títí ọ̀ràn kan fi ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi, èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín láìfi ohunkóhun pamọ́.

AGBÁDÁ SÁNYÁN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa nínú ìjọ. Ní ọjọ́ ìkórè, wọ́n fi owó ẹgbẹ́, 45,000 náírà, lé mi lọ́wọ́ nínú àpò ìwé kan, kí n lè kó o lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé. Ọmọdékùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ opó kan tí ń gbé ní ìgbèríko. Ìyá rẹ̀ fi í lé wa lọ́wọ́ kí a lè máa rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni ó bá mi gbé Bíbélì àti ìwé orin bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì mi jáde, n kò bá owó níbẹ̀.

Mo tú gbogbo yàrá. Ìyàwó mi ní, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ṣé ó dá yín lójú pé inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ fi í sí?” Mo dá a lóhùn pé ó dá mi lójú bí mo ti mọ orúkọ ara mi. Nígbà náà ni ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo rí i tí ẹ ti owó náà bọ àpò agbádá yín kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

N kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkà mi, kì í ṣe owó tí ó sọnù nìkan ni ó bí mi nínú. Ohun tí ó bí mi nínú jù ni pé ọmọdé kan ń sọ fún èmi àgbàlagbà pé n kò mọ ibi tí mo fi ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ mi sí. Mo bi í léèrè pé báwo ni ó ṣe mọ̀ nípa owó náà tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ohùn mi ga, àwọn ará ilé sì jáde wá. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti pè é ní olè. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan tí n kò fẹ́ rántí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo yá owó, mo sì san ti ẹgbẹ́ padà. Ní ìpàdé, wọ́n yìn mí. Wọ́n ní olóòótọ́ ènìyàn ni mí, tí ó ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Mo tẹ orí mi ba gẹ́gẹ́ bí onírẹ̀lẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, a ń múra láti lọ síbi ìgbéyàwó kan. Ẹ mọ̀ pé sányán kì í ṣe aṣọ tí a ń fọ̀ bí aṣọ iṣẹ́. A ó sá a sí afẹ́fẹ́ ni, a ó sì ká a sínú àpótí. Mo gbé agbádá náà wọ̀, mo ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ọwọ́ mi sì kan ìwé. Owó náà pé. Ó wà ní ibi tí ọmọ náà wí pé ó wà.

Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Ọkàn mi sọ fún mi pé kò sí ẹni tí ó rí mi, àti pé owó náà ti di tèmi nísinsin yìí, nítorí pé mo ti san án padà. Òtítọ́ ni èyí. Lẹ́yìn náà ó tún sọ ohun mìíràn tí ó dùn létí ju ti ìṣáájú lọ: “Kọ̀wé sí ìyá ọmọ náà pé o ti dárí jì í. Kí ó máa padà bọ̀.” Ẹ wo bí ìgbéraga ti lè wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀! Èmi tí mo ṣẹ̀ ni mo fẹ́ dárí ji ẹni tí mo ṣẹ̀, wọn ì bá sì tún yìn mí fún un.

Ìyàwó mi wọlé, ó sì bá mi lórí ìdúró pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́. Kò pariwo, kò sì wí pé, “Ṣé mo sọ?” Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ní, “Bàbá, ìgbà wo ni a ó lọ?” Mo mọ ibi tí ó ń wí. Mo rántí pé Olúwa wa ti kọ́ wa nínú Ìhìn Rere Mátíù pé ẹni tí ó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí ó sì rántí pé òun ṣẹ arákùnrin òun, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. A kò lọ síbi ìgbéyàwó náà mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí ìgbèríko.

Ìyá ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa, ó sì gbé omi fún wa kí ó tó mọ ìdí tí a fi wá. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un tán, mo dọ̀bálẹ̀. Ó kígbe pé kí n dìde, pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé bàbá ni mo jẹ́ fún òun. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni ẹ ti pe ọmọ mi ní olè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀.” Ọmọ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: “Bàbá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà.” Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ó rọrùn fún mi láti dọ̀bálẹ̀ ní ìgbèríko tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Ohun tí opó náà béèrè ni ó ṣòro. Mo pe àwọn ará ilé jọ, mo sọ ọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, níwájú àwọn tí wọ́n ti yìn mí, mo sì wí pé, “Ọmọ náà kò jalè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.” Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bí n kò bá parọ́, n kò tíì rin ọ̀nà kankan tí ó jìn tó èyí tí ó wà láàrin àga mi àti iwájú ìpàdé náà.

ỌMỌBÌNRIN KÉKERÉ NÍNÚ ILÉ NÁÁMÁNÌ

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka orí karùn-ún Ìwé Àwọn Ọba Kejì pẹ̀lú ojú mìíràn. Olórí ogun ilẹ̀ Síríà ni Náámánì. Ẹni ńlá ni, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Ta ni ó mọ ọ̀nà ìwòsàn rẹ̀? Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Bíbélì kò tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Nígbà tí Náámánì sì dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, tí wòlíì kò jáde wá kí i, ṣùgbọ́n tí ó ní kí ó lọ wẹ̀ ní odò Jọ́dánì nígbà méje, ó bínú, ó sì yí padà láti lọ sílé. Odò ilẹ̀ tirẹ̀ dára jù lójú rẹ̀. Ta ni ó tún gbà á là nígbà yìí? Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n pè é ní bàbá, wọ́n sì fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́.

Lẹ́ẹ̀mejì ni ìwòsàn Náámánì ti ẹnu ẹni tí ó kéré sí i wá, lẹ́ẹ̀mejì ni ó sì gbọ́. Bí ó bá ti ṣe bí èmi ti ṣe ni, ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá a wọ sàréè. Àwọn àgbà wa mọ èyí kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Wọ́n tún ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ń pa òwe wọ̀nyí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá fẹ́ fi ọgbọ́n tirẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, a ó ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

ỌMỌ ÒṢOOGÙN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn Júù nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wa tí Ọlọ́run gbé ga. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdé kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú náà lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1843 ni ó gba oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1846 ni ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti yà wọ́n.

Nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ó ti kàwé ju púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ lọ. Ó lè jókòó sínú yàrá kí ó sì máa dá ọ̀rọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó máa ń lọ fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbàlagbà, àní àwọn tí wọn kì í ṣe Onígbàgbọ́, ó sì ń tọ ìdí ọ̀rọ̀ lọ sínú ìtàn àti àṣà, kí ó lè mọ èyí tí ó bá a mu gan-an. Kò sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn mìíràn bí Thomas King bá a ṣe é. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Adùn èdè tí a ń gbádùn nínú rẹ̀ títí di òní, èso ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀mọ̀wé tí ó gbà láti jókòó lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò mọ ìwé ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, kò sáré sí i. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a yà á sí mímọ́, òun ni ó sì kọ́kọ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà nínú gbogbo ènìyàn dúdú ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó di arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé sí Odò Ọya. Wọ́n fi ẹ̀sùn oríṣiríṣi kan àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní Oníṣà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n kò bọ̀wọ̀ fún ewú orí rẹ̀, wọn kò sì bọ̀wọ̀ fún oyè rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà náà fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ni ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Ọdún kọjá lórí ọdún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a ti yà á sí mímọ́, Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú Kàtídírà kan náà. Ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ sí Crowther, pé wọ́n já a kulẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ yà á sí mímọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ohun tí ó dára ni, a sì yìn ín. Ẹni tí ó wà ní ipò gíga ni ó sọ̀ kalẹ̀, ibi tí a ti fi oyè dá ẹni náà lọ́lá ni ó sì ti sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí opó ìgbèríko náà ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 122 tí Crowther ti wà nínú ibojì. Etí tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ kò gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n. Ìtọrọ àforíjì dára nígbàkúùgbà tí ó bá dé, ṣùgbọ́n ó dára jù nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì lè dá wa lóhùn.

ÌRẸ̀LẸ̀ KÌ Í ṢE OJO

Bóyá ẹnìkan yóò bi mí pé, “Ṣé kí ènìyàn máa jẹ́ kí gbogbo ayé fi òun wọ́lẹ̀ ni?” Rárá o. Crowther kò bú ẹnikẹ́ni ní Oníṣà, ṣùgbọ́n kò jókòó sí ibi tí a ti ń fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ kí ó sì máa pè é ní sùúrù. Opó tí mo sọ ìtàn rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó sì tún béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Onírẹ̀lẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá rí ibi tí kò sọ̀rọ̀ nítorí kí a má baà bínú sí i, ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Bákan náà, kí ọ̀gá tàbí ọkọ tí ń ni ènìyàn lára má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ pa ẹni tí ó ń fìyà jẹ lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó wà lókè ni kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍNÚ ILÉ WA

Ẹ̀yin baba, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà mìíràn pé, “Mo ṣì í ṣe.” Ọ̀rọ̀ náà kò lè gba ọ̀wọ̀ yín lọ. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń sọ ọ́ fún aya rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí aya yín bá sì fún yín ní ìmọ̀ràn tí ó dára, ẹ sọ níwájú àlejò pé ìmọ̀ràn rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe gbà á nínú yàrá kí ẹ sì wá pè é ní ọgbọ́n yín nínú pálọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo ọmọ tí ń bá yín ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ǹjẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tí a bí i? Ǹjẹ́ ó ń jẹun nígbà tí àwọn ọmọ yín ń jẹun? Bí nǹkan bá sọnù, ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí yín lẹ́nu? Ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí jáde, ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kẹ́gàn òbí tí ó ta oko àti ẹran ọ̀sìn kí ẹ tó mọ ìwé. Bí bàbá yín kò bá mọ ẹ̀rọ ìgbàlódé lò, ẹ fi sùúrù kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òun náà ti fi sùúrù kọ́ yín ní ìrìn. Rántí ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì, tí ó lọ kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí kò mọ ìwé.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, Olúwa wa pa òwe kan nínú orí kẹrìnlá Ìhìn Rere Lúùkù nípa àwọn tí ń du àga iwájú níbi àsè. Ìjà àga ṣì wà láàrin wa, nínú ilé Ọlọ́run pàápàá, nítorí oyè, nítorí ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ nígbà tí a ń kí àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ gbìyànjú kí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá ẹni tí ń gbá ilẹ̀ gbé àga. Ẹ óò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ óò sì mọ ohun tí ó ń dà á láàmú.

Fún gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó tó sùn ní alẹ́: Ta ni mo ṣẹ̀ lónìí tí kò ní agbára láti bá mi wí? Bí a bá rí orúkọ kan, kí a má ṣe sùn lórí rẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ó ti ẹ̀yìn ọ̀ràn ọmọ náà yọ. Ìyá rẹ̀ gbà kí ó padà sọ́dọ̀ wa, ó sì ń ṣe dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, a sì ń jùmọ̀ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá ní kí ó bá mi gbé àpò mi láti inú yàrá wá, yóò kọ́kọ́ pe ẹlòmíràn pé kí ó wá bá òun wọlé. N kò bá a wí rí nítorí rẹ̀. Bí omi bá dànù, bí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé agbè kò fọ́. Nígbàkúùgbà tí mo bá sì gbọ́ tí ó ń pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rántí iye tí ìgbéraga ìṣẹ́jú kan ná mi, àti pé òun, tí kò jẹ gbèsè kankan, ni ó ń bá mi san án.

Kí Olúwa tí ó tẹ̀ ba wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ wa bí a ti ń tẹ̀ ba. Àmín.